Kí Kóòdù Tó Dé, Ojú Ti Lọ

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí adójútòfò ìlera. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ojú nìkan ni mo mú. Nínú ojú pàápàá, àìsàn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró lé lórí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní glaucoma, torí òun ló tú àṣírí ètò adójútòfò wa.

Omi kan wà nínú ẹyinjú tó ń sun, tó sì ń gba ibì kan ṣàn jáde. Bí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, omi á máa kó jọ, á máa fún iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀. Irú glaucoma tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín wa kì í dunni, ojú kì í pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ni ìríran ti ń kọ́kọ́ lọ. Àárín á ṣì mọ́ kedere. Èèyàn á ṣì máa ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀, á ṣì máa ka owó, á ṣì máa wakọ̀. Ìyàwó ló sábà máa ń kọ́kọ́ fura, tí baálé bá ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Ìríran tó bá ti lọ, kò sí òògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà. Èyí tó kù nìkan la lè gbà là. Àwọn àgbà ní olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ yí wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ojú tó là kalẹ̀, tó ń ríran, ni tàlùbọ̀ tibí yìí ń bá wọlé.

Láàárín 2005 sí 2007, àwọn onímọ̀ lọ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún sókè wò. Bíi 5 nínú 100 ló ní glaucoma, ẹnì kan nínú márùn-ún wọn sì ti fọ́jú. Nínú gbogbo àwọn tó ní i, iye tó mọ̀ pé òun ní i kò tó 6 nínú 100. Wọ́n tún rí i pé ó pọ̀ láàárín Yorùbá àti Ígbò ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ. Ọ̀rọ̀ wa gan-an ni, kì í ṣe ìtàn ará ibòmíràn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo káàdì adójútòfò. Òfin ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 1999, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2005. Nígbà tí ètò àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá 10 nínú 100 owó oṣù ìpìlẹ̀, kí òṣìṣẹ́ máa dá 5, ó sì kan òun, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ẹni 18 ọdún. Àyẹ̀wò ojú wà nínú ìwé àǹfààní rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù ni kò mọ̀.

Ó wà lórí ìwé lóòótọ́. Ọ̀nà àtidé ibẹ̀ ni ìṣòro. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tó forúkọ sílẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì á bi í pé, “Kí ló ń ṣe yín, sà?” Ẹni tí glaucoma ń jẹ lójú kò ní èsì, torí kò sí ibi tó ń dùn ún. Bó bá ní òun kàn fẹ́ kí wọ́n wo ojú òun ni, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó wá wáyè sá fún iṣẹ́. Ká ní ó rí dókítà tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, á gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, á jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú ọ́fíìsì adójútòfò, wọ́n á sì kàn sí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó rẹ̀ kí wọ́n fi kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà ìyọ̀ǹda ìtọ́jú, ránṣẹ́. “Kóòdù ò tíì dé, bàbá. Ẹ ṣì ní sùúrù.” Oòrùn á ti kan àtàrí. Ẹlòmíì á sanwó lápò ara rẹ̀, ẹlòmíì á gba ilé lọ. Lẹ́nu géètì, ọmọkùnrin kan to awò ojú sórí páálí. Bàbá á gbé ọ̀kan wọ̀, á fi ka iwájú ìwé ìròyìn, á rí i pé lẹ́tà hàn ketekete, á sì gbà pé ọ̀rọ̀ ojú ti parí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ìyá méjì, ọ̀kan ń gbé ní Peckham ní London, ọ̀kan wà ní Abẹ́òkúta. Glaucoma ló fọ́ ojú bàbá wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayé ni wọ́n ń pariwo nílé. Àwọn méjèèjì ti lé ní ogójì ọdún. Ní England, ẹni tó bá ti pé 40, tí òbí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ní glaucoma, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ojú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwọn oníwò ojú ní ìgboro ni yóò gbà lọ, kò nílò ìwé dókítà kankan. Ẹni 60 ọdún kò tilẹ̀ ní láti sọ ìtàn ìdílé. (Ẹ má rò pé ọ̀làwọ́ ni wọ́n: ọ̀fẹ́ ló jẹ́ fún tẹrú tọmọ láti 1948, ìjọba Margaret Thatcher ló gbà á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní 1989. Scotland dá a padà fún gbogbo ará ìlú ní 2006.) Ti Abẹ́òkúta, tí ẹ̀jẹ̀ kan náà ń ṣàn lára rẹ̀, àfi kó dúró kí nǹkan kọ́kọ́ ṣe é.

Ti Amẹ́ríkà ló yà mí lẹ́nu jù. Òfin Medicare, adójútòfò àwọn arúgbó wọn, kò fẹ́ gbọ́ nípa àyẹ̀wò ojú lásán láti 1965 tó ti wà. Síbẹ̀, láti 2002, ó ń dá sí owó àyẹ̀wò glaucoma lọ́dọọdún fún àwọn tí ewu rẹ̀ sún mọ́, ó sì dárúkọ wọn; lára wọn ni àwọn alátọ̀gbẹ, àwọn tó ní i nínú ìdílé, àti ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ti pé ẹni 50 ọdún. Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti dá ogun sílẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ojú aláwọ̀ dúdú ni kí ẹ tètè yẹ̀ wò. Àwa tí gbogbo wa dúdú, ta là ń dúró dè?

Ẹnìkan á ní, owó dà? Dókítà ojú mélòó la ní? Òótọ́ ni pé wọn kò pọ̀, ìgboro ni wọ́n sì kó jọ sí. Ṣùgbọ́n àwọn optometrist, ìyẹn àwọn tó kọ́ṣẹ́ àyẹ̀wò ojú, pọ̀ jù wọ́n lọ, wọ́n sì lè ṣe àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kí wọ́n tó darí ẹni tó bá yẹ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ kàn má gba àyẹ̀wò ìdajì. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá inú ojú nìkan kò tó. Àwọn kan wà tí tiwọn kò ga rárá, tí iṣan ojú wọn sì ń kú. Dandan ni kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú. Ìdí nìyẹn tí èmi kì í fi í pàtẹ́wọ́ púpọ̀ fún ètò awò ọ̀fẹ́. Jigi Bola tí Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore, n kò jiyàn, àmọ́ awò kì í wo glaucoma.

Òfin tuntun ti 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àwọn ìpínlẹ̀ wa náà sì ti ní àjọ tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ìgbìmọ̀ àwọn àjọ wọ̀nyí, mo rí díẹ̀ nínú yín ní ìlà iwájú níbẹ̀ yẹn. Gbólóhùn kan péré ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín: ẹni tó bá ti pé 40, kí ó lè fi káàdì rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò ojú lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, láìsí ìwé, láìsí kóòdù. Ẹ̀yin yòókù, tí bàbá tàbí ìyá yín bá ti fọ́jú lọ́jọ́ ogbó, tí ẹ kò sì mọ ohun tó fà á, ẹ má dúró de ìgbìmọ̀ kankan. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú àwọn àbúrò yín dání.