Èkó, Erékùṣù Ilé Wa



Ní oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní ilẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀rùn ni ó wà ní ilẹ̀ Gíríìkì. Ìgbà náà ni ènìyàn láti gbogbo ayé ń wọ́ lọ sí àwọn erékùṣù ibẹ̀, àwọn ọmọ wa tí ọwọ́ wọn tó owó ọkọ̀ òfurufú kò sì gbẹ́yìn. A kò bá wọn wí. Ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù náà ni Ródù, tí Pọ́ọ̀lù gbà kọjá, gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 21, ti wí. Faaji pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú àtijọ́ náà ṣì dúró pẹ̀lú odi rẹ̀, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 1988.

Àwa náà ní erékùṣù. Ìpínlẹ̀ Èkó ni Ìgàndò wà, síbẹ̀ bí a bá fẹ́ ré afárá kọjá, “À ń lọ sí Èkó” ni à ń wí, nítorí pé erékùṣù nì ni ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ náà. Àwọn àgbà Àwórì a máa sọ pé ní Ìṣẹrì, tí kò jìnnà sí wa yìí, ni àwo Olófin rì sí, àti pé láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti bá odò sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èbúté Mẹ́tta àti Ìddó, kí Arómirẹ́ tó dá oko ata sí ibi tí Ìga Ìdúngànràn wà lónìí. Nítorí náà, ọmọ Àwórì tí ó ti Ìgàndò lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ṣe àlejò. Ilé ìbátan rẹ̀ ni ó lọ.

Nígbà ọyẹ́ ni a máa ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ. Ìdúmọ̀tà àti Balógun a kún fọ́fọ́, alárù a máa ké “àgò”, ọlọ́jà a máa fa oníbàárà lápá. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Èyọ̀, aṣọ funfun a bo ìgboro, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ bàtà tàbí mu sìgá níwájú Adámú Òrìṣà. Àlùfáà ni wá, a kì í bọ òrìṣà. Ṣùgbọ́n àṣẹ tí olówó àti tálákà jọ ń pa mọ́ yẹ ní kíkọ́ fún ọmọ. Ní Mọ́sálásí Shitta-Bey, tí a ṣí ní 1894, a máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà hàn wọ́n, àwọn tí oko ẹrú ní Brasil kò lè gba ọgbọ́n lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dun wá. Ní Ìta Tinúbú, ilé àwọn Fernandez wà, tí a tún ń pè ní Ilojo Bar, tí a kọ́ ní nǹkan bí 1855. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, a wó o lulẹ̀. Ìkéde kò gbé ògiri ró. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń gba iwájú rẹ̀ lọ ra aṣọ, mélòó ni ó mọ orúkọ rẹ̀? Ohun tí a kò mọ̀, a kì í gbèjà rẹ̀.

Nítorí náà, à ń bẹ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ agbègbè Alímọ̀ṣọ́ pé, ní ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mú ọmọ lọ sí Èkó. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ lọ fúnra rẹ̀, kí ó bi àwọn àgbà léèrè. Bí ọmọ bá sì padà, kí ó wá ilé tí ó pẹ́ jù ní àdúgbò tirẹ̀, kí ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ródù, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ, kí ó ṣọ́ ọ bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ará ibẹ̀ bá bi í pé, “Erékùṣù tiyín ńkọ́?”, kí ó rí ohun wí, kí ohun tí ó wí sì ṣì wà ní ìdúró nígbà tí ó bá padà dé.