Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti Àwọn Akàndá Ẹ̀dá Àárín Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù, ní Ìkẹjà)



Ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan nínú yín béèrè ìdí rẹ̀ tí Bàbá kan tí gbogbo wa mọ̀, tí kì í pa ìpàdé jẹ tẹ́lẹ̀, kò fi wá mọ́. Àwa ìgbìmọ̀ rán ènìyàn lọ kí i ní ilé rẹ̀ ní Agége. Bàbá kò bá wa jà. Ó ní ẹsẹ̀ kan tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ gé lára òun nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́ kò dí òun lọ́wọ́ àtirìn, nítorí òun ní ọ̀pá. Ohun tí ó dí òun lọ́wọ́ ni àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún tí a ń gùn kí a tó dé gbọ̀ngàn wa yìí, àti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n máa ń gbé òun gòkè bí ẹni gbé àpò gàrí, tí gbogbo ojú a sì máa wo òun. Ó ní bí òun kò bá lè dá wọlé, òun yóò kúkú jókòó sí ilé òun.

Èsì yìí dùn wá púpọ̀, òun ni ó sì mú wa yan ohun tí a ó sọ lónìí. Nítorí láti ibi tí a jókòó sí yìí, Aláùsá kò jìnnà, níbi tí àwọn ogójì aṣojú Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń ṣe òfin fún gbogbo wa. Bí a kò bá lè gba Bàbá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, báwo ni a ó ti béèrè bí ó ti ń wọ ibi tí a ti ń ṣe òfin?

Òfin kúkú wà. Ní ọdún 2011, nígbà tí Babátúndé Fáṣọlá jẹ́ Gómìnà, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn akàndá ẹ̀dá, a sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn wọn, èyí tí a ń pè ní LASODA. Ti ìjọba àpapọ̀ dé lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó ní gbogbo ilé tí ó jẹ́ ti ará ìlú gbọdọ̀ ní ọ̀nà tí arọ lè gbà wọlé, ó sì fi ọdún 5 sílẹ̀ kí a fi tún àwọn ilé àtijọ́ ṣe. Ọdún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Òṣìṣẹ́ tí ó bá fọwọ́ sí àwòrán ilé tuntun tí ó tàpá sí òfin yìí lè san mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 2. A kò dúró níhìn-ín láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Gbọ̀ngàn tiwa ni a kọ́kọ́ fi ìka tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà ni ó rọrùn jù nínú ọ̀ràn yìí. Bíríkìlà àti sìmẹ́ǹtì lè parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọ̀ràn ọ̀rọ̀ ni ó le, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa.

Ẹ rántí bí inú wa ti dùn tó nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Yorùbá jíròrò ní Ọjọ́bọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 97, fi àyè gbà á pé kí a fi èdè mìíràn kún Gẹ̀ẹ́sì. A yọ̀, ó sì tọ́ kí a yọ̀.

Ta ni ó wá jẹ èrè Ọjọ́bọ̀ náà? Afọ́jú jẹ ẹ́. Ìyá tí kò ríran, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí aṣojú rẹ̀ ń wí. Adití ńkọ́? Ní òtítọ́, àwa tí a ń pariwo Yorùbá kò ronú kàn án rí. Adití tí ó lọ sí ilé-ìwé ní ilẹ̀ wa, Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́ ọ láti máa kà. Èdè ọwọ́ tí a sì fi kọ́ ọ, láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá: Andrew Foster, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, tí òun pàápàá jẹ́ adití, dé Ghana ní ọdún 1957, ó sì dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ọmọ Ìkẹjà tí ó ń gbọ́ràn ń yọ̀ pé èdè bàbá òun wọ ilé ìjọba, ọmọ Ìkẹjà tí kò gbọ́ràn lè pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: kò gbọ́ ohùn, bí a kò bá sì tètè tẹ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ohun tí yóò kà. Ògbufọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá ìjìnlẹ̀, tí ó tún mọ èdè ọwọ́, kì í ṣe ẹni tí a ń bá pàdé ní gbogbo ìkóríta. Ilẹ̀kùn tí a ṣí fún afọ́jú ni a tì mọ́ adití.

Ẹ má ṣe gbọ́ wa ní àgbọ́yé òdì. A kò wí pé kí a dá Yorùbá dúró. Kí a má rí i! Ohun tí a ń wí ni pé kí a kọ́ ògbufọ̀ náà, kí a sì sanwó fún un, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sanwó fún akọ̀wé. Àwọn mìíràn ti ṣe é. Uganda fi àyè sílẹ̀ fún àwọn aṣojú akàndá ẹ̀dá nínú òfin orílẹ̀-èdè wọn ti ọdún 1995, Alex Ndeezi, tí í ṣe adití, sì wọ ilé aṣòfin wọn ní ọdún 1996. Gúúsù Áfíríkà sọ èdè ọwọ́ di èdè ìjọba kejìlá ní ọdún 2023. Ní Ìlú Ọba, David Blunkett, tí ó fọ́jú láti ìgbà ìbí, wọ ilé aṣòfin ní ọdún 1987, ó sì di mínísítà ní ọdún 1997. Ajá tí ń ṣamọ̀nà rẹ̀ a máa bá a wọlé. A rí i pé àwọn Olóyè ń rẹ́rìn-ín nítorí ajá. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbé ọkùnrin náà bí àpò gàrí.

Ọ̀ràn kan ṣì kù tí ó kan àwa ọ̀mọ̀wé gan-an, èyíinì ni àmì ohùn. Bí akọ̀wé bá kọ “ọkọ” láìfi àmì sí i, olójú yóò wo ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká, yóò sì mọ̀ bóyá ọkọ obìnrin ni, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, tàbí ọkọ̀ ojú irin, tàbí ọ̀kọ̀ ológun. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ń ka ìwé sókè fún afọ́jú kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti kọ ọ́ ni yóò pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé Braille, tí a ń fi ìka kà, irú èyí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé afọ́jú Pacelli ní Surulere, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962. Àbá òfin Yorùbá tí kò ní àmì, ìdajì òfin ni fún afọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wí pé àmì ń gba àkókò, ẹ gbọ́ o.

Àwọn baba wa pe abuké, afín àti arọ ní ẹni òrìṣà; wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ka fífi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà sí èèwọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọbàtálá ni ó gé ẹsẹ̀ Bàbá wa. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ti dá agbègbè ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀rọ ti gba ìka àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa, ariwo rẹ̀ sì ti di etí àwọn mìíràn. Ọjà tí wọ́n ṣe ń bẹ nínú ilé gbogbo wa, owó orí wọn sì wà lára ohun tí a fi kọ́ ilé ìjọba.

Nítorí náà, a ti kọ ìwé kan sí Akọ̀wé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. A béèrè fún ògbufọ̀ èdè ọwọ́ ní gbogbo ọjọ́ ìjókòó, pàápàá Ọjọ́bọ̀; a béèrè pé kí a tẹ ọ̀rọ̀ Ilé jáde ní èdè méjèèjì pẹ̀lú àmì ohùn; a sì fi ara wa sílẹ̀ pé àwọn olùkọ́ inú ẹgbẹ́ yìí yóò bá wọn fi àmì náà sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Akọ̀wé wa yóò kà á sókè kí a tó tú ká, ẹni tí ó bá ní àtúnṣe kí ó wí i.

Ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ kò ní wáyé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí mọ́. Yàrá ilé-ìwé kan ní ìsàlẹ̀, tí kò ní àtẹ̀gùn rárá, ni a ó lò, bí ó tilẹ̀ há ju èyí lọ. A ti rán iṣẹ́ sí Bàbá ní Agége. Ó ní òun yóò wá, kí a má sì fi àga òun sí ibi ọ̀tọ̀.