Láti Orí Ẹní Bọ́ Sórí Bẹ́ńṣì: Bí Ọmọ Ṣe Ń Kúrò ní Jẹ́lé-ó-sinmi Wọ CI

Ọ̀rọ̀ tí ẹ pè mí wá sọ ní Kpankou, nílẹ̀ Kétu, lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó le, àmọ́ a kì í sábà jókòó sọ ọ́. Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún 5 tàbí 6 ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tó bá kúrò lọ́dọ̀ tata, olùkọ́ rẹ̀ ní jẹ́lé-ó-sinmi, tó bọ́ sí CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ọgbà méjèèjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó má ju igi máńgòrò kan lọ láàárín wọn. Ọmọ tó ń rìn ín ló mọ bó ṣe jìn tó.

Ẹ jẹ́ ká mú nǹkan kékeré kan: ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní jẹ́lé-ó-sinmi, bí ọmọ bá fẹ́ tọ̀, á fa aṣọ tata, á ní, "Tata, pípì." Nígbà mìíràn kò tiẹ̀ ní la ẹnu, á kàn há itan mọ́ra, tata á ti mọ̀. Tata á mú un lọ́wọ́, á bá a tú bọ́tìnì, á dúró tì í, á sì mú un padà sórí ẹní. Ọlidé nìkan ló wà láàárín ìgbà yẹn àti CI. Ní CI, ọmọ kan náà gbọ́dọ̀ na ìka sókè, kó dúró dìgbà tí olùkọ́ bá rí i láàárín èrò, kó dìde, kó wá to gbólóhùn Faransé odindi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Monsieur" tó sì gba àṣẹ. Ó ń tò ó nínú, ó ń tú u, ó ń tún un tò. Kí gbólóhùn náà tó dé ẹnu rẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́. Aṣọ káàkì tuntun kì í sì í bo omi láṣìírí. Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ á ní inú ń run òun, òun ò lọ. Ìyá á ní ọ̀lẹ ni, bàbá á ní ẹ̀kọ́ kò sí lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ ni.

Ọmọ yìí là ń gbé sórí ìwọ̀n nígbà gbogbo. Ṣé ó mọ lẹ́tà? Ṣé ó lè kà dé ogún? Ṣé ó ń gbọ́ràn? Mi ò tíì rí ẹni tó gbé kíláàsì CI fúnra rẹ̀ sórí ìwọ̀n náà. Ohun tí mo bá wá síbí nìyẹn: bí ọmọ bá ń fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́dọọdún, ẹnu ọ̀nà ni kí á lọ yẹ̀ wò.

Ìdí tí ilé méjèèjì kò fi jọra kò fara sin. Ọ̀tọ̀ ni ibi tí oníkálukú ti wá. Ní 1837, Friedrich Fröbel, ará Jámánì, ṣí ilé kan fún àwọn ọmọdé ní Bad Blankenburg, níbi tí eré, orin àti ọgbà ti jẹ́ iṣẹ́ ọmọ. Àwọn Faransé sọ tiwọn di école maternelle ní 1881, Pauline Kergomard tó jẹ́ aṣàbẹ̀wò àgbà fún wọn sì fi ọ̀pọ̀ ọdún jà kí wọ́n má baà máa fi ẹ̀kọ́ àgbà ni ọmọ kékeré lára. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn gbé wá sí Dàhọ̀mì, bí wọ́n ṣe ń pe ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, kì í ṣe irú èyí. Akọ̀wé àti ògbufọ̀ ni wọ́n ń wá, Faransé ni wọ́n sì fi ń wá wọn láti ọjọ́ kìíní. Jẹ́lé-ó-sinmi wá bá a nílẹ̀ ni. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti oṣù kọkànlá 2003, to àwọn méjèèjì tẹ̀léra: ọdún 2 fún jẹ́lé-ó-sinmi, ọdún 6 fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba kan náà ló ń bójú tó wọn. Nínú ìwé, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà tó wà níbí yóò rántí Ilé Ẹ̀kọ́ Tuntun tí ìjọba Mathieu Kérékou gbé kalẹ̀ ní 1975. Lára ohun tó bí ni àwọn ibùdó tí wọ́n ń pè ní CESE, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ lọ jọ, tí wọ́n sì ń fi èdè ìbílẹ̀ bá wọn ṣeré, tí wọ́n ń fi kọ́ wọn ní orin àti àlọ́. Ohun gidi ni. Ọmọ tó gba ibẹ̀ kọjá a máa fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó bá kúrò níbẹ̀, Faransé ló ń dúró dè é ní CI, àfi bí ẹni pé kò kọ́ nǹkan kan rí. Nígbà tí ètò náà dẹnu kọlẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn kan sọ pé èdè ìbílẹ̀ ló bà á jẹ́. Èmi ò gbà. Wọ́n gbin èdè náà sí ìsàlẹ̀, wọn ò gbin ohunkóhun tẹ̀lé e lókè.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ṣe, kò sì jìnnà sí wa. Ní 1970, Aliu Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo nǹkan fún odindi ọdún 6, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Ẹ̀rù ba àwọn òbí kan pé wọ́n fẹ́ sọ ọmọ àwọn di ará oko. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ náà wò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò gbẹ́yìn níbì kankan, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Wọn kò já okùn láàárín ilé àti kíláàsì, ìdí abájọ nìyẹn. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà ti ń dán irú rẹ̀ wò láwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, Yorùbá sì wà lára àwọn èdè tí wọ́n yàn. Kò tíì dé ibi gbogbo.

Mo mọ ohun tí olùkọ́ kan yóò sọ: "Èmi kì í ṣe ará ibí, mi ò gbọ́ Yorùbá." Òótọ́ ni. Ìjọba lè gbé olùkọ́ láti Natitingou wá sí ìpínlẹ̀ Kétu, olùkọ́ náà kò sì jẹ̀bi pé kò gbọ́ èdè wa. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Yorùbá nìkan là ń sọ lágbègbè yìí. Fọ̀n wà, Máyì wà. Mi ò ní kí olùkọ́ náà di ọmọ Kétu láàárín oṣù kan. Kó kọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ ìtọ̀, omi, ebi, "ó ń dùn mí" àti "mo fẹ́ lọ bá ìyá mi" ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Kó jẹ́ kí ọmọ fi èdè rẹ̀ dáhùn, kí ẹ̀gbọ́n kan láti kíláàsì CM1 tó gbọ́ èdè méjèèjì wà nítòsí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Faransé kì í ṣe àlejò ọjọ́ kan, yóò ní àyè tirẹ̀.

Mo máa ń ronú nípa ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gba ọmọ wọlé. Ilẹ̀ Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí pé ó ti ṣẹ̀, UNESCO sì kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo àgbáyé, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó mọ̀ pé àwọn ọmọ kéékèèké ló kọ́kọ́ ń gbé e jáde ní ọ̀sán, kí àwọn àgbà tó wọlé. Ọmọ náà lè ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹnìkan a dúró tì í, a máa fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ hàn án, onílù a sì dín ìlù kù kó lè bá a. Mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ní kí ọmọ ọdún 5 lọ dúró síta títí yóò fi mọ ijó. Àwa kan náà ló mọ bí a ṣe ń ṣe èyí ní ojú agbo. Nígbà tó bá di ilé ẹ̀kọ́, a ó di aláìmọ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba bẹ̀rẹ̀ Head Start ní 1965 fún àwọn ọmọ tálákà tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ohun tí ọmọ jèrè níbẹ̀ ń ṣá bí kíláàsì tó tẹ̀lé e kò bá gbà á dáadáa, wọ́n sì tún dá ètò mìíràn sílẹ̀, Follow Through, láti bá ọmọ wọ inú kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó wọn pọ̀ ju tiwa lọ, àmọ́ ibi kan náà ni ẹsẹ̀ wọn ti kọ.

Ó kan ẹ̀yin òbí náà. Ẹ dákun, ẹ yé fi olùkọ́ dẹ́rù ba ọmọ. "Dúró náà, o ń lọ CI, wọn á nà ẹ́ dáadáa níbẹ̀": ìgbà mélòó lẹ ti sọ ọ́ láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án? Òfin ọmọdé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 2015 kò fọwọ́ sí i kí olùkọ́ máa na ọmọ, ẹ wá ń fi ohun tí òfin kọ̀ ṣe ìlérí fún ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní ìhà Nàìjíríà fún ọlidé, ẹ jẹ́ kó padà kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ọmọ tó bá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì yóò bá a pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ ibi tí oníkálukú ń jókòó, wọ́n ti mọ ibi omi, wọ́n ti yan ọ̀rẹ́. Òun nìkan ni àlejò. Bí ọmọ bá dé láti CI, ẹ bi í ní Yorùbá ohun tí wọ́n ṣe lónìí, kí ẹ tó yẹ sílétì rẹ̀ wò.

Àwọn ọmọ oko ńkọ́? Láti 2006 ni ìjọba ti ní ká má gba owó ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní jẹ́lé-ó-sinmi àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé ló ń ti ẹ̀yìn ìyá wọn bọ́ sí CI tààrà, torí ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 3 kò lè rin ọ̀nà náà lójoojúmọ́. Bí CI bá ní kí gbogbo ọmọ mọ ohun tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀, ọmọ oko ti pàdánù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Fún ìdí èyí ni mo ṣe ń sọ pé kí ẹní wà ní ìkángun kíláàsì CI títí oṣù kìíní yóò fi parí, kí orin àti àlọ́ wà níbẹ̀ láràárọ̀, kí bẹ́ńṣì máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tó ti lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi á bá ohun tó mọ̀, èyí tí kò lọ á rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn olórí ilé ẹ̀kọ́, òwúrọ̀ kan péré ni mo ń bẹ̀ wọ́n fún, ní oṣù kẹfà. Kí tata kó àwọn ọmọ ọdún kejì rẹ̀ kọjá sí CI, kí wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì, kí wọ́n fi ẹfun họ nǹkan sójú pátákó, kí wọ́n mọ ilé ìtọ̀, kí wọ́n rí ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti ń gbé abọ́ gba oúnjẹ. Kí tata sì jókòó ti olùkọ́ CI, kó sọ fún un ọmọ tó ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Máàkì kò pọn dandan. Bí kò bá sì tíì sí ẹni tó mọ olùkọ́ tí ìjọba yóò gbé wá sí CI ní oṣù kẹsàn-án, kí olùkọ́ CP, kíláàsì tó tẹ̀lé CI, gba àwọn ọmọ náà lálejò. Ọdún kan péré ló kù tí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.