Òbí Tí Kò Ráyè àti Ìtọ́jú Ara Rẹ̀

  Kókó tí a gbé kalẹ̀ lónìí ni bí òbí tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe rí àyè ṣe eré ìdárayá, tí yóò sì máa jẹ oúnjẹ tí ó ṣe ara lóore. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn ti máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá rẹ̀ pé, 'Ta ni ó ráyè ìyẹn ní Èkó?' Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pa ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán yín. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo wá dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìdílé kan. Mende ni wọ́n ń gbé, lẹ́bàá Maryland, níbi tí ọ̀nà Mobolaji Bank Anthony ti pàdé ọ̀nà Ìkòròdú. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà. Aya jẹ́ olùkọ́ ní Agége. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá ti dìde. Ó ti gbálẹ̀, ó ti dáná, ó ti wẹ̀ fún ọmọ, ó sì ń sáré kí ọ̀nà tó dí. Bàbá jáde láìjẹun. Búrẹ́dì Agége àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń gbé kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni ó fi panu. Ó jókòó nínú ọkọ̀ lọ, ó jókòó sí ibi iṣẹ́, ó tún jókòó nínú ọkọ̀ bọ̀. Nígbà tí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá lù, òkìtì ẹ̀bà wà níwájú rẹ̀. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, ó ti sùn. Bí ẹ bá bi í léèrè ìdí tí kì í fi í na ara rẹ̀, yóò ní, 'Ó rẹ̀ mí.' Òótọ́ ni, ó rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ kì í ṣe eré ìdárayá. Jíjókòó lójú kan fún wákàtí mẹ́ta nínú ooru ọkọ̀ lè tán ènìyàn lókun, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ àti iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí iṣẹ́ kankan ṣe.

Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn baba wa kò sáré yí àdúgbò ká kí wọ́n tó pẹ́ láyé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ilẹ̀ agbègbè yìí jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, oko ni Agége. Ibẹ̀ ni J. K. Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbin kòkó, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ní àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tí ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún níbi tí igbó wà. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tí ó fi ọwọ́ kọ ebè, tí ó sì fi orí ru ẹrù bọ̀, kò nílò ẹni tí yóò wí fún un pé kí ó ṣe eré ìdárayá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni eré ìdárayá rẹ̀. Iyán tí ó jẹ, ó ti fi òógùn san gbèsè rẹ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ wá ju ọkọ́ nù, ṣùgbọ́n a di àwo mú ṣinṣin. Òkìtì tí à ń bù fún ẹni tí ó kọ igba ebè náà ni à ń bù fún ẹni tí kò dìde nídìí tábìlì láti àárọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà.

Kí n má bàa sọ̀rọ̀ láìní ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí n tọ́ka sí ìwádìí kan tí ó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1997, Richard Cooper, Charles Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀jẹ̀ ríru jáde. Wọ́n wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn dúdú tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan ń gbé ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn kan ní àwọn erékùṣù bíi Jàmáíkà àti Bàbédọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn sì ń gbé nítòsí ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù náà, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Orírun kan náà ni gbogbo wọn ní. Bí ara ṣe ń sanra sí i, tí iyọ̀ inú oúnjẹ sì ń pọ̀ sí i láti ibì kan dé èkejì, ni àìsàn náà ń pọ̀ sí i. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kò jogún àrùn yìí bí ẹni jogún ilé baba. Ọ̀nà tí a ń gbà gbé ayé ń dá kún un. Ènìyàn kò sì nílò láti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Chicago kí ó tó gbé irú ayé bẹ́ẹ̀. A lè gbé e ní Mende.

Ìwádìí kejì ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ èrò ní Èkó. Ní ọdún 1953, oníṣègùn kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Jerry Morris, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn awakọ̀ èrò alájà méjì wé àwọn agbowó ọkọ̀, àwọn tí à ń pè ní kọ̀ndọ́. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, èéfín kan náà ni wọ́n ń fà símú. Ṣùgbọ́n awakọ̀ jókòó, kọ̀ndọ́ sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sódò láti gba owó. Wọ́n rí i pé àrùn ọkàn ń kọlu awakọ̀ ju kọ̀ndọ́ lọ. Ní ọdún 1956, àwọn olùwádìí náà tún wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àwọn awakọ̀ ti tóbi ju ti àwọn kọ̀ndọ́ lọ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, nítorí náà kì í ṣe àtẹ̀gùn nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ó tẹ̀lé e káàkiri ayé ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tí ń lo ara rẹ̀ ń dáàbò bo ọkàn rẹ̀.

Ó wá ku bí ó ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa lo ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ fún ìgbòkègbodò tí ó ń mú kí ènìyàn mí kíkankíkan díẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́; kí ó sì máa ṣe ohun tí ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí a bá pín 150 ìṣẹ́jú sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni yóò bọ́ sí lójúmọ́. Bí a bá tún pín ọgbọ̀n sí ọ̀nà mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni. Àjọ náà sì wí pé díẹ̀ sàn ju àìṣe rárá lọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Níbo ni bàbá inú àpẹẹrẹ wa yóò ti rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú tirẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ rin èyí tí ó kù. Lójú ọ̀nà Ìkòròdú, àwọn afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà tí ọ̀pọ̀ wa ń sá fún, tí a fi ń sáré gba àárín ọkọ̀ kọjá. Kí ó gun afárá náà. Ọkọ̀ kò ní pa á, ara rẹ̀ yóò sì jèrè bí ti kọ̀ndọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá ní àtẹ̀gùn, kí ó má dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí òun àti àwọn ọmọ jọ rìn kánmọ́kánmọ́ yí àdúgbò ká kí oòrùn tó mú. Ìyá ní tirẹ̀ lè máa gbálẹ̀, kí ó máa fọṣọ, kí ó máa pọn omi. Iṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀, ara sì ń jèrè rẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n fún ìyá ni ìsinmi àti oorun, èyí sì ni ó gbé wa dé ilé ìdáná.

Nípa oúnjẹ, n kò wá sọ fún yín pé kí ẹ máa jẹ ohun òkèèrè. Ohun tí ó dára wà nínú ìkòkò wa. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, èkuru, ẹja, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewédú, ọ̀sàn àti ìbẹ́pẹ, kò sí èyí tí a kò mọ̀. Bí a ṣe ń bù ú ni ó yẹ kí a yí padà: kí òkèlè dín sí ìdajì, kí ẹ̀fọ́ di ìlọ́po méjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ tó gíráàmù 400 èso àti ẹ̀fọ́ lójúmọ́, kí iyọ̀ rẹ̀ má sì tó gíráàmù 5, ìyẹn bí ṣíbí ìmutíì kan tí a ré orí rẹ̀. Ẹ rántí pé iyọ̀ wà nínú mágì pẹ̀lú. Ẹni tí ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀, tí ó tún fọ́ mágì mẹ́rin sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó bu iyọ̀.

Àwọn ìyá yóò bi mí pé, 'Ìgbà wo ni kí a se gbogbo èyí?' Ẹ jẹ́ kí a mú Sátidé. Kí a ra ata àti ẹ̀fọ́ ọ̀sẹ̀ ní ọjà Mile 12. Kí a lọ ata, kí a sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bí kò bá sí iná mànàmáná fún ẹ̀rọ amóhuntutù, kí a máa gbé e kaná lójoojúmọ́ kí ó má bàa kan. Kí a rẹ ẹ̀wà sómi lálẹ́ kí ó lè tètè jinná. Kí olúkúlùkù gbé oúnjẹ ọ̀sán láti ilé, kí ebi má bàa sọ wá di oníbàárà gbogbo ohun tí wọ́n ń gbé kiri lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n bí a bá di gbogbo iṣẹ́ yìí ru ìyá nìkan, ẹ̀tàn ni ìmọ̀ràn mi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dìde tí ó sì sùn gbẹ̀yìn kò lè tún máa ru ìlera ènìyàn márùn-ún lórí. Mo lérò pé a mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí:

'Bàbá Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi já ewédú yìí.'

'Èmi kẹ̀, Ìyá Dúpẹ́? Kí ni àwọn ará ilé yóò wí?'

'Wọn yóò ní ẹ fẹ́ pẹ́ láyé ni.'

Ìdáhùn ìyàwó yẹn bọ́ sí i. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí bàbá bá já ewédú, tí ọmọkùnrin bó ẹ̀wà, tí ọmọbìnrin fọ àwo, ìyá yóò rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí òun náà yóò fi rìn, tàbí tí yóò fi sinmi. Àìráyè òbí kan sábà máa ń jẹ́ àyè tí òbí kejì kò fẹ́ yọ̀ǹda.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ kàn yín lọ́nà méjì, nítorí pé òbí ni yín, ẹ sì ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Wákàtí kan lójúmọ́ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ṣeré tí yóò lo ara rẹ̀. Bí ìdánwò bá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, àkókò eré ìdárayá ni a kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fo okùn, kí wọ́n ta súwè, kí wọ́n ṣe bojúbojú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, ìwà tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí ni ẹ óo gbé wọ ilé ọkọ àti aya.

Kí n tó jókòó, mo fẹ́ ṣe ìkìlọ̀ kan. Ẹni tí ó ti pẹ́ tí ó ti na ara rẹ̀ gbẹ̀yìn, tàbí tí àyà máa ń dùn, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Kí gbogbo ẹni tí ó bá ti di òbí sì máa yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Bí ó bá ti dé 140 lórí 90 léraléra, kí a má fi ṣeré.

Owó ilé-ìwé ni ó ń lé wa jáde lórí ibùsùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí ọmọ ni a ṣe ń sáré. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń torí rẹ̀ sáré ń fẹ́ òbí tí yóò wà láàyè, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò pé, ní ọjọ́ tí yóò gba ìwé ẹ̀rí. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Lọ́la, bí ọkọ̀ bá dé Anthony, tí ara yín bá sì gbà á, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé Maryland.