Ibi Ìṣeré fún Ẹyẹ Bọ́jì Nínú Yàrá Wa

A kọ ọ̀rọ̀ yìí jáde láti inú vóìsì, nítorí àwọn tí dátà wọn ò gbé e.

Àwa tó wà ní Kánò, ẹ̀yin ti Jọ́ọ̀sì, ẹ̀yin Kàdúná, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Onitsha àti Pọtakọ́ọ̀tù, gbogbo wa ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni mẹ́ta ló béèrè ọ̀rọ̀ kan náà nínú gúrúùpù yìí. Àwọn ọmọ wa ti ń sin ẹyẹ bọ́jì, ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ewé tàbí búlúù tó jọ odídẹrẹ́ yẹn. Ẹyẹ ọ̀hún wà nínú àgò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ sì fẹ́ tú u sílẹ̀ kó ṣeré. Ìyá ọmọ kan ní méjì ti kú mọ́ ọmọ òun lọ́wọ́. Ọ̀kan rì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Èkejì, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n fín oògùn ẹ̀fọn ni wọ́n bá a nílẹ̀. Ó ní ọmọ náà ò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù di alẹ́, tí kò ní ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ìyá àgbà nítòsí, ẹyẹ yẹn lẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: ẹ kọ́kọ́ tún yàrá ṣe kí ẹ tó ṣe ibi ìṣeré. Igi àti okùn kì í sábà pa bọ́jì. Ohun tó yí i ká ló ń pa á.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ilẹ̀ Australia ni bọ́jì ti wá. Agbo ńlá ni wọ́n fi ń fò kiri níbẹ̀, tí wọ́n ń wá omi àti èso koríko, alárìnkiri bíi tiwa. Nítorí náà, àgò nìkan ò tó o, ó gbọ́dọ̀ na apá. Ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù 30 sí 40 lọ, afẹ́fẹ́ sì máa ń wọ ara ẹyẹ gan-an ju ti èèyàn lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé ẹyẹ canary wọ inú ihò, títí di ọdún 1986. Bí gáàsì olóró bá wà, ẹyẹ ló máa kọ́kọ́ ṣubú, àwọn èèyàn á sì sáré jáde. Ẹ rántí ìyẹn dáadáa: ohun tó bá pa ẹyẹ nínú yàrá yín, ọmọ yín náà ń fà á símú.

Yàrá wá ń kọ́? Ìkíní, fáànù àjà. Ẹ pa á, kí ẹ sì dúró kó dúró pátápátá kí ẹ tó ṣí àgò. Bí iná ò bá sí, ẹ ṣì pa súìṣì, torí iná lè dé lójijì. Ìkejì, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ rí i pé nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ò ya. Ẹ fi aṣọ bo dígí àti gíláàsì fèrèsé, torí ẹyẹ á rò pé ojú ọ̀nà ni, á fi orí sọ ọ́. Ìkẹta, ẹ dé gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì àti dúrọ́ọ̀mù omi. Ẹ má tú u sílẹ̀ nígbà tí ìkòkò wà lórí iná. Ológbò ń kọ́? Ẹ lé e síta, kódà bó ṣe jẹ́jẹ́.

Ìkẹrin ló le jù: èéfín. Oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín, kọ́ìlì ẹ̀fọn, tùràrí tí àwọn ará ibí máa ń sun, sìgá, èéfín jẹnẹrétọ̀, kò sí èyí tó yẹ ẹyẹ. Páànù ìdíńkan tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, bó bá gbóná jù lórí iná, ó máa ń tú èéfín kan tó lè pa bọ́jì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Jọ́ọ̀sì, mo mọ̀ pé òtútù ọyẹ́ ń mú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìkòkò èédú wọ yàrá tí ẹ ti fèrèsé rẹ̀. Gáàsì rẹ̀ ò ní òórùn, àti ẹyẹ àti èèyàn ló ń pa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ibi ìṣeré. Owó kékeré ni, ọjà wa ló kún fún un. Ẹ wá tíréè fífẹ̀ tí etí rẹ̀ kò ga, tàbí pátákó gbẹrẹsẹ, kí ẹ tẹ́ pépà sí i kí ìgbẹ́ rẹ̀ lè rọrùn láti kó. Ẹ wá ẹ̀ka igi gúáfà, dongoyaro tàbí ọparun. Kó má jẹ́ igi tí wọ́n fín oògùn sí. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da omi gbígbóná sí i, kó gbẹ nínú oòrùn. Ẹ mú èyí tó tín-ín-rín bí ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tó àtàǹpàkò, torí bí ẹsẹ̀ ẹyẹ bá ń dúró lórí ìwọ̀n kan ṣoṣo, á máa dùn ún. Ẹ lu ihò sí pátákó náà, kí ẹ ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́, kí ẹ fi èèkàn igi kékeré fún un. Kí ìṣó kankan má yọ síta.

Fún eré, ẹ so háhá àgbàdo, kùkù àgbàdo, àfọ́kù igbá tí kò ní ọ̀dà, àti pépà líle tí wọ́n ń ká aṣọ mọ́. Ẹ jẹ́ kó ya á, kó jẹ ẹ́ tú, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Okùn ìko ni kí ẹ fi so ó, kó kúrú.

Ẹ̀yin alásọ, ẹ má lo òwú tàbí láìlọ́ọ̀nù. Ó máa ń lọ́ mọ́ ìka ẹsẹ̀ ẹyẹ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dúró. Ẹ̀yin tó ń ta ohun èlò ilé kíkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má mú wáyà tí wọ́n fi síǹkì bò wá. Bọ́jì á máa fi ẹnu họ ọ́, síǹkì á sì di májèlé nínú rẹ̀. Bákan náà ni lẹ́ẹ̀dì tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń lẹ nǹkan, ọ̀dà àtijọ́, àti àjákù pákó tí káfíńtà ti fi oògùn ikán pa.

Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ má kàn gbé ẹyẹ lé e. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àgò fún ọjọ́ mélòó kan kó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ́n jéró sí i. Jéró pọ̀ lọ́wọ́ àwa ará òkè ọya. Ẹ ṣí àgò, kó jáde fúnra rẹ̀. Kí ọmọ má lé e, kó má sì gbá a mú. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan tó, àgbàlagbà wà níbẹ̀. Àgbàlagbà ni mo wí o. Bí kò bá sí àgbàlagbà nílé, kí ẹyẹ wà nínú àgò. Oúnjẹ inú àgò ni kí ẹ fi pè é padà. Ní àsìkò ooru, àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa. Bó bá ya ẹnu sílẹ̀ tó ń mí hẹlẹ, tó gbé apá kúrò lára, ooru ti mú un nìyẹn. Ẹ gbé e síbi tútù, ẹ fún un lómi.

Ẹ má fún un ní píà tí àwọn kan ń pè ní àfókádò, tàbí ṣokoléètì, kọfí, ọtí, tàbí oúnjẹ oníyọ̀.

Bọ́jì máa ń fi àìsàn pamọ́. Bó bá wú ìyẹ́, tó jókòó sí ìsàlẹ̀ àgò, tí ìrù rẹ̀ ń jó sókè sódò bó ṣe ń mí, ẹ má dúró di ọjọ́ Àìkú. Ẹ wá dókítà ẹranko. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Kí ọmọ fọ ọwọ́ lẹ́yìn eré, kí ẹ da omi díẹ̀ sí ìgbẹ́ gbígbẹ kí ẹ tó gbá a, torí eruku rẹ̀ lè gbé àìsàn. Bí ibà àti ikọ́ bá mú yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń sin ẹyẹ.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, ẹ wo yàrá yín wò. Omi ti wà lábẹ́ ìdérí, èéfín ti lọ, wáyà olóró ti kúrò nílẹ̀, àgbàlagbà sì wà pẹ̀lú ọmọ fún wákàtí kan lójúmọ́. Ẹyẹ jẹ ànfààní, ọmọ jẹ ju ẹyẹ lọ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi vóìsì ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe tirẹ̀, kó fi fọ́tò hàn wá ká kọ́gbọ́n. Ọjà á tà o. A ó kérè délé, láṣẹ Ọlọ́run.