Bí Ẹ̀rọ Bá Kọ̀ Láti Gba Linux
Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní Tanke, Ìlọrin

Bóyá ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ tí ń wọ aṣọ àlùfáà dìde láti sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ àwọn ọmọ tí a ń kọ́ ni ó sọ wá di ẹni tí ń yẹ ẹ̀rọ wò. A kò wá a lọ.

Ọ̀nà Tanke ni a ń gbà lọ sí Yunifásítì Ìlọrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì kún àdúgbò yìí bí omi. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú Windows 10, àfi fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò; Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ sì ń béèrè ohun kan tí a ń pè ní TPM 2.0, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní. Ẹni tí kò lówó àtira tuntun ha gbọdọ̀ sọ èyí tí ń ṣiṣẹ́ nù bí? Nítorí náà ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń sá tọ Linux lọ. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991, ọ̀fẹ́ sì ni. Ubuntu, ẹ̀yà rẹ̀ tí a sábà ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, jáde ní ọdún 2004 láti ọwọ́ Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ náà wá láti inú èdè àwọn ará ibẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá wa tòun ti omijé lójú. Ó ti kó oríkì àwọn ìdílé ìlú rẹ̀ jọ fún ìwé àṣekágbá rẹ̀. Ẹnu àwọn arúgbó ni ó ti gbọ́ wọn, méjì nínú àwọn arúgbó náà sì ti kú kí ó tó parí iṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni gbogbo rẹ̀ wà. Iná lọ nígbà tí Windows ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́, bátìrì kò sì gbé e, láti ọjọ́ náà ni kò ti dìde mọ́. Ó fẹ́ fi Linux rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ètò náà kò rí díìsìkì kankan tí yóò gbé, àfi flash tí a fi gbé òun tìkára rẹ̀ wá. Atúnẹ̀rọṣe kan sì ti sọ fún un pé díìsìkì ti kú, kí ó ra tuntun, kí ó sì gbàgbé ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwa kò tètè gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ ti ń tan ni a ń tẹ bọ́tìnnì F2 (ti ẹ̀rọ mìíràn jẹ́ F10 tàbí Delete), a sì wọ ibi tí wọn ń pè ní BIOS, níbi tí ẹ̀rọ ti ń ka ohun tí ó ní lára. Orúkọ díìsìkì náà wà níbẹ̀ gbangba. Òkú kì í dáhùn ìpè! Wọ́n ti to ẹ̀rọ náà sí ọ̀nà RST ti Intel ni, èyí tí ń mú kí díìsìkì fara pamọ́ fún Linux. A yí i sí AHCI, díìsìkì sì yọjú. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí Windows rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ má ṣe yí i láìmúra sílẹ̀, nítorí Windows náà lè kọ̀ láti tan.

Síbẹ̀ a kò fi Linux sí i lójú ẹsẹ̀. Ubuntu lè ṣiṣẹ́ láti orí flash láìfọwọ́ kan díìsìkì. Láti ibẹ̀ ni a ti ṣí i, a rí àwọn oríkì náà, a sì ṣe àdàkọ wọn sórí flash kejì àti ẹ̀kẹta. Ìgbà tí a kà á tí ó pé ni a tó jẹ́ kí ètò náà pa ohun àtijọ́ rẹ́. Níhìn-ín ni àwọn ọmọ wa ti máa ń kánjú: wọn a tẹ Erase disk, ọ̀rọ̀ méjì péré, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta a sì bá a lọ.

Láti orí flash yìí kan náà ni ó yẹ kí a ti wò ó bóyá ẹ̀rọ ń dún àti bóyá Wi-Fi ń wọlé. Wi-Fi ni ó máa ń yọ ènìyàn lẹ́nu jù. Ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní ètò tí ń darí rẹ̀, tí wọn ń pè ní dírẹ́bà. Orúkọ náà sì bá a mu, nítorí mọ́tò tí kò ní dírẹ́bà, ojú kan náà ni yóò wà. Àwọn ohun èlò Broadcom inú ẹ̀rọ àtijọ́ gbajúmọ̀ fún wàhálà yìí: dírẹ́bà wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì kò lè wọlé láìsí dírẹ́bà. Ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ jẹ́ kí fóònù pín íntánẹ́ẹ̀tì fún un. Linux a máa mọ̀ ọ́n láìsí wàhálà. Ẹni tí ó bá sì tẹ àṣẹ lspci -k yóò rí ọ̀pọ̀ ohun èlò náà àti dírẹ́bà tí ó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí Secure Boot bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ètò náà lè ní kí ẹ dá ọ̀rọ̀ aṣínà kan, ojú búlúù kan yóò sì yọ nígbà tí ẹ̀rọ bá tún tan. Ẹ yan Enroll MOK níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sáré kọjá, dírẹ́bà a sì jókòó láìṣiṣẹ́. Ibi ìtẹ̀ka ẹ̀rọ akẹ́kọ̀ọ́ wa kò tíì ṣiṣẹ́ di òní. A kò rí dírẹ́bà rẹ̀.

Ní ọdún 1875 ni àwọn àgbà pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a óò ti máa kọ èdè wa. Linux ní ìtò bọ́tìnnì Yorùbá nínú, a kì í rà á: nínú Settings, lábẹ́ Keyboard, ni a ti ń fi í kún un. Láìlámì, ta ni yóò mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tàbí ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oríkì tí ọmọ yìí kọ tẹ́lẹ̀ kò ní àmì kankan. Nísinsìnyí ó ń padà lọ bá àwọn arúgbó tí ó kù, ó ń fi àmì sí i. Ní ti àwọn méjì tí ó ti lọ, ohun tí etí rẹ̀ bá rántí ni ó ń kọ.

Flash Ubuntu kan wà lọ́wọ́ wa níhìn-ín. Olóyè tàbí ọmọ Ẹgbẹ́ tí ó bá gbé ẹ̀rọ wá lè rí wa lẹ́yìn ìpàdé, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ ṣe àdàkọ iṣẹ́ rẹ̀ síbòmíràn, kí bátìrì rẹ̀ sì kún.