Ẹsẹ̀ Rírùn Kì í Ṣe Ègún

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ó ń lé ènìyàn kúrò láàárín ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rírùn ni.

Ní mọ́ṣáláṣí, a máa ń bọ́ bàtà kí a tó wọlé. Ní ìjọ Kérúbù àti Séráfù, bẹ́ẹ̀ náà ni. A mọ àwọn àgbàlagbà tí wọn kì í lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀ mọ́ nítorí ìtìjú. A mọ àwọn mìíràn tí wọ́n fi kíláàsì àgbà sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìwé le fún wọn. Ẹnì kan ni ó yínmú sí wọn. Àwọn kan rò pé ègún ni, tàbí pé ọ̀tá ni ó fi nǹkan sí bàtà wọn. Kì í ṣe ègún. Ó ní ohun tí ń fà á, ó sì ní ohun tí ń wò ó.

Ohun tí ń fà á

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ̀gẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hú kì í rùn. Ṣùgbọ́n bí a bá bó o, tí a rẹ ẹ́ sínú omi, tí a sì dé e fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti fi ṣe fùfú, ńkọ́? Òórùn rẹ̀ a gba gbogbo àgbàlá. Àwọn kòkòrò tí ojú wa kò lè rí ni ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ náà nínú omi. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni imú wa ń gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ rí. Òógùn fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní òórùn kankan. Ihò òógùn tí ó wà ní ẹsẹ̀ wa méjèèjì tó nǹkan bí 250,000. Bí a bá wọ bàtà róbà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òógùn náà kò ríbi gbà jáde. Inú bàtà a gbóná, a sì rin gbingbin. Kòkòrò a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òógùn àti awọ tí ó ti kú. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Jàpáàn tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n rí irú ásíìdì kan lára ẹsẹ̀ tí ń rùn gan-an. Àwọn kòkòrò yìí ni ó ń ṣe é láti inú òógùn.

Ẹnì kan lè wí pé, "Àwọn baba wa kò wọ bàtà, ẹsẹ̀ wọn kò sì rùn." Òótọ́ ni, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí ju bàtà nù o. Aràn kan wà nínú ilẹ̀ tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú ara, tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn nínú ìfun. Ejò wà lóko, ìṣó wà lọ́nà. Ẹ máa wọ bàtà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó gbẹ.

Ohun tí a ó máa ṣe

1. Ẹ máa fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fọ àárín ọmọ-ìka kọ̀ọ̀kan. Dída omi lé ẹsẹ̀ lórí kì í ṣe fífọ̀.

2. Ẹ nù ún gbẹ, pàápàá àárín ọmọ-ìka. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò.

3. Ẹ má wọ ìbọ̀sẹ̀ kan ní ẹ̀ẹ̀mejì láìfọ̀ ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ òwú ni ó dára, nítorí ó ń fa òógùn.

4. Ẹ sá bàtà sí oòrùn, kí ẹ ya ẹnu rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní bàtà méjì, kí ó máa wọ̀ wọ́n ní pàṣípààrọ̀. Ní ìgbà òjò, ẹ rún ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú rẹ̀ ní alẹ́. Yóò fa omi.

5. Ẹ mú sílípáàsì lọ sí oko. Bí ẹ bá jókòó jẹun ní abà, ẹ bọ́ bàtà róbà, kí atẹ́gùn fẹ́ sí ẹsẹ̀.

6. Ẹ má yá ara yín ní bàtà tàbí ìbọ̀sẹ̀.

Ẹ wo àmì orí ọ̀rọ̀ méjì yìí dáadáa: òórùn àti oòrùn. Òórùn ni imú ń gbọ́. Oòrùn ni ó ń ràn lókè. Oòrùn ni ó ń lé òórùn lọ.

Àwọn kan a máa da lọ́fínńdà sínú bàtà tí ó rin. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Bàtà náà kò gbẹ, kòkòrò kò sì kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ó bá ju ọṣẹ lọ

Bí àárín ọmọ-ìka bá funfun, tí ó ń bó, tí ó sì ń yún, ìbátan làpálàpá ni. Ìpara Whitfield tàbí clotrimazole wà fún un. Ẹ bi òṣìṣẹ́ ìlera bí a ti ń lò ó. Ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ tí yíyún bá dá. Ó sábà máa ń fẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò padà wá. Ẹ má fi ìpara tí wọ́n fi ń bóra sí i, nítorí púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ kí ó tàn sí i. Ẹ má fi kẹrosíìnì sí i.

Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ní ihò wẹ́wẹ́, tí ó sì ń rùn, kòkòrò ti ń jẹ awọ nìyẹn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà.

Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ lè má mọ ìrora mọ́. Ojú kékeré tí ó là láàárín ọmọ-ìka lè di egbò ńlá, a sì ti tìtorí irú rẹ̀ gé ẹsẹ̀ ènìyàn. Máa wo ẹsẹ̀ rẹ lójoojúmọ́. Má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Bí o bá rí egbò, tètè lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Bí ẹsẹ̀ ẹnì kejì bá ń rùn, ẹ má yínmú sí i láàárín àwùjọ. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, kí ẹ sọ fún un pẹ̀lú ìfẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kà, ẹ ka ìwé yìí fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà nínú ilé yín. Kí ìtìjú má ṣe lé ẹnikẹ́ni kúrò nínú kíláàsì wa mọ́.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí ẹ̀gẹ́ inú omi àti ẹsẹ̀ inú bàtà jọra?
2. Kí ni ìyàtọ̀ òórùn àti oòrùn?
3. Kí ni ìwọ yóò ṣe sí bàtà rẹ ní alẹ́ yìí?